Ilé Tí Kò Lẹ́sẹ̀ Létí Òkun Ìlú Ọba

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo wọ ọkọ̀ ní èbúté Oríòkè-Ìwàmímọ́. Iná gáàsì àwọn elépo ń jó lójú òkun bó ṣe máa ń jó, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni mo fi rí ibi tí mo gbẹ́sẹ̀ lé. Àpò méjì ni mo gbé. Aṣọ wà nínú ọ̀kan, ẹja gbígbẹ, edé àti gàrí wà nínú èkejì. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ ní kí n jókòó sáàrin kí omi má bàa ta sí mi lára. Mo ní kó máa wa ọkọ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mo ti lò létí omi yìí, ibo ni omi ò tíì ta sí lára mi?

Kí n tó máa ròyìn ohun tí mo rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé orí ilẹ̀ líle lè má mọ bí a ṣe ń gbé létí òkun. Pákó ni ilé wa, orí òpó ló dúró lé, omi ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Bí òkun bá ti súnmọ́ ọn jù, a ó ké sí ará àti ọ̀rẹ́, a ó yọ ìṣó, a ó ká páànù, a ó tú pákó lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó fa òpó tu, a ó sì kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn lọ tún kọ́. Títú ilé là ń pè é. Láti ìgbà tí àwọn elépo ti la ojú omi tuntun gba inú àbàtà wa kọjá, tí omi iyọ̀ sì ti wọlé, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti tú tèmi. Nígbà kejì, a rí ilé kó, a ò rí ibojì ọkọ mi kó. Abẹ́ òkun ló wà báyìí.

Ọmọ mi Mọrẹ́nikẹ́ ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní apá ìlà oòrùn Ìlú Ọba, ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án. Òun nìkan ló kù fún mi. Lọ́jọ́ kan ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Màmá, mo ti rí ilé tí mo fẹ́ rà. Yàrá kan wà nísàlẹ̀ tí ẹ ò ní máa gun àtẹ̀gùn. Ẹ wá wò ó. Bó bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, mo máa tọwọ́ bọ ìwé rẹ̀, ẹ ò sì ní padà sétí òkun mọ́." Ohun tí mo bá lọ nìyẹn: kí n lọ wo ibi tí ọmọ mi fẹ́ kí n kú sí. Bí mo bá wí bẹ́ẹ̀ létí rẹ̀, á ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀.

Mo bi í pé apá ibo gan-an nílùú náà. Ó ní ẹ̀bá Wọ́ọ̀ṣì. Mo gbọ́ wọ́ọ̀ṣì dáadáa, àwọn tó ń fọ mọ́tò ní Igbókọ̀dá kọ ọ́ sára pátákó. Fífọ nǹkan ni. Ọkàn mi bàjẹ́. Mo ní àṣé ibi ìfọṣọ ni wọ́n fi ọmọ mi sí, tó ń purọ́ fún mi pé arúgbó lòun ń tọ́jú. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rọra ra ọṣẹ dúdú ńlá méjì kún ẹrù rẹ̀, mo ní ó kéré tán á dín owó ọṣẹ kù.

Ọkọ̀ ojú omi dé Igbókọ̀dá lójú mọ́mọ́. Mo wọ mọ́tò gba Òkìtìpupa lọ sí Ọ̀rẹ̀, láti Ọ̀rẹ̀ mo wọ òmíràn lọ sí Èkó. Ojú ọ̀nà náà kò dára, ẹ mọ̀ ọ́n, kí n má fi í jẹ yín lẹ́nu. Dírẹ́bà tó gbé mi láti Ọ̀rẹ̀ ń yínmú láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ gbé sínú àpò yẹn tó ń rùn báyìí?"

Mo ní, "Owó ilé ìwé ọmọ mi ni. Òórùn yìí ló fi dé Yunifásítì."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì ṣí fèrèsé rẹ̀ títí dé Èkó.

Ti bàálù, n kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ sọ nípa rẹ̀. Mo jókòó, mo gbàdúrà, mo jẹ ìrẹsì wọn tí kò ní ata, ọjọ́ kejì mo bá ara mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ tú àpò ẹja mi wò, ó tẹ orí sínú rẹ̀, ó sì tún un dì kíá. Ó ní kí n máa lọ. Mọrẹ́nikẹ́ dúró níta, ó ti tóbi sí i, ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún sí mi lọ́rùn. A wọ mọ́tò rẹ̀, ó sì fi wákàtí mẹ́ta gbé wa lọ síhà àríwá àti ìlà oòrùn.

Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí lẹ́yìn wákàtí kejì. Ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ láti ọwọ́ ọ̀tún dé ọwọ́ òsì, kò sí òkè kan ṣoṣo, kò sí igbó. Ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀ látẹ́sẹ̀. Oko kábéèjì, oko ọ̀dùnkún, oko kan tí wọ́n ń pè ní bíìtì tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà, ó lọ bẹ́ẹ̀ kò lópin. Ilé kan níbí, òmíràn ní nǹkan bí máìlì kan sí i. N kò rí ènìyàn. N kò rí ọmọdé tó ń sáré, n kò rí ìyá kan tó jókòó síwájú ilé, n kò rí ẹni tó ń lọ tàbí tó ń bọ̀. Mo fi ara balẹ̀ títí, kò rọ̀ mí lọ́rùn.

Mo ní, "Mọrẹ́nikẹ́, ṣé kónílé-ó-gbélé ni wọ́n ṣe lónìí?"

Ó ní, "Rárá o, Màmá. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́."

Ibi tí mo ti ń ro ìyẹn lọ́wọ́ ni mo gbójú sókè tí mo rí ọkọ̀ ojú omi tó ń kọjá lókè orí wa. Ẹ má rò pé orí mi ti dàrú. Àwa wà lórí ọ̀dà nísàlẹ̀, òkìtì gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, odò wà lórí òkìtì náà, ọkọ̀ funfun sì ń lọ jẹ́jẹ́ lórí odò. Mo ní kó dá mọ́tò dúró. Ó dúró. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi ojú ara mi wò ó. Lọ́dọ̀ wa, omi wà nísàlẹ̀, ènìyàn wà lókè lórí òpó. Àwọn yìí gbé omi sókè, wọ́n lọ ń sùn nísàlẹ̀ rẹ̀.

Mọrẹ́nikẹ́ ṣàlàyé fún mi. Àbàtà ni gbogbo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, bíi tiwa gan-an, àwọn baba wọn sì ń fi ọkọ̀ pa ẹja àti pẹ́pẹ́yẹ nínú rẹ̀. Fẹ́ẹ̀n ni wọ́n ń pè é títí di òní. Wọ́n gbẹ́ kòtò tó tọ́ gbọnrangandan, dáìkì lorúkọ rẹ̀, wọ́n sì ń fa omi jáde kúrò nínú ilẹ̀ kí wọ́n lè dáko. Bí ilẹ̀ ṣe ń gbẹ ló ń rì sí i, odò ò sì bá a rì. Ẹ̀rọ ló ń fa omi náà tọ̀sán tòru.

Mo ní, "Tí iná bá wá lọ ńkọ́?"

Ó ní, "Iná kì í lọ, Màmá."

Mo wọ mọ́tò padà, ṣùgbọ́n ojú mi kò kúrò lára òkìtì yẹn títí a fi kọjá rẹ̀.

Yàrá kan ni Mọrẹ́nikẹ́ háyà lókè ilé alájà kan nílùú kékeré, ibẹ̀ ni a dé sí. Ọjọ́ kejì ló mú mi lọ wo Wọ́ọ̀ṣì. Omi ni. Apá òkun ńlá kan tó wọnú ilẹ̀ ni wọ́n sọ ní Wọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó ń fọ nǹkankan níbẹ̀. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ọṣẹ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní gbogbo ọdún mẹ́sàn-án yìí, ṣé ohun tí mo ń rò nípa òun nìyẹn? Mo ní láti ọjọ́ tó ti sọ ọ́ lórí fóònù nìkan ni.

Abúlé tí ilé náà wà, mo rìn ín já. Kò gbà mí ní àkókò. Nǹkan bí ọgbọ̀n ilé ni, bíríkì pupa, ilẹ̀kùn títì. Ilé ìwé wọn ti di ilé ẹnìkan, agogo ilé ìwé ṣì wà lórí rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ti kógbá sílé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni bọ́ọ̀sì ń wá, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀dọ́ ti lọ, àwọn tó kù ni arúgbó àti ajá. Àwọn tó ń kórè oko wọn, àlejò ni wọ́n, òyìnbó láti ilẹ̀ Lituéníà àti Ròmáníà, bọ́ọ̀sì ló ń kó wọn wá láàárọ̀ tó sì ń kó wọn lọ nírọ̀lẹ́. Mo dúró lẹ́bàá oko, mo ké sí wọn pé ẹ kú iṣẹ́ o. Wọn ò mọ ohun tí mo wí. Obìnrin kan nínú wọn gbé ọ̀bẹ kábéèjì sókè sí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́. Òun nìkan ló kí mi lọ́jọ́ yẹn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó ga, ó gbòòrò, gbogbo Oríòkè-Ìwàmímọ́ ì bá jókòó sínú rẹ̀ kí àyè sì ṣẹ́kù. Mo ka àwọn tó wá. Àwa mọ́kànlá ni, pẹ̀lú àlùfáà, pẹ̀lú èmi àti ọmọ mi. Orin tí wọ́n kọ kò dé òpó kejì. Mo gbàgbé ara mi, mo gbé ohùn sókè bí a ṣe máa ń gbé e nílé, gbogbo wọn yíjú padà wò mí. Àlùfáà náà wá dì mí lọ́wọ́ mú lẹ́yìn ìsìn, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n tún wá.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni ti ẹja. Etí òkun nìyí, n kò rí ọkọ̀ apẹja kan. A lọ ra ẹja díndín pẹ̀lú ọ̀dùnkún nínú ìlú, pọ́n-ùn méjìlá fún ẹyọ kan, kò lórí, kò légungun. Mo béèrè orí rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń tà á wo Mọrẹ́nikẹ́ bíi pé kó gba òun. Ó ní ọkọ̀ ńlá ló ń gbé ẹja náà wá láti ibòmíràn, inú yìnyín ló ti wá, òun kò sì rí orí rẹ̀ rí.

Ọjọ́ kẹrin ni a lọ wo ilé tí mo tìtorí rẹ̀ wá. Bàbá arúgbó kan ló ni ín, Dẹ́nísì lorúkọ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó fẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Kí a tó kan ilẹ̀kùn, Mọrẹ́nikẹ́ pariwo pé, "Dẹ́nísì!" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a létí. Bàbá tó ju bàbá tó bí i lọ lọ́jọ́ orí! Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn, pé bàbá náà fúnra rẹ̀ ló ní kí òun máa pe òun bẹ́ẹ̀. Mo ní kò kàn mí. Bàbá Dẹ́nísì ni mo pè é títí mo fi kúrò.

Ilé náà dára, n kò ní purọ́. Ọgbà òdòdó wà níwájú, yàrá ìsàlẹ̀ gba oòrùn. Òkìtì gíga kan, irú èyí tó gbé odò lọ́jọ́sí, wà lẹ́yìn ilé. Mọrẹ́nikẹ́ ní òkun ló wà lódì kejì rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, mo jáde, mo yí ilé náà ká. Mo ń wá ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sórí koríko, mo wo abẹ́ ògiri, bíríkì ló bá ilẹ̀ lọ tààrà. Mo fi ọwọ́ gbá ògiri, mo wá ibi tí ìṣó wà, kò sí ìṣó. Bàbá Dẹ́nísì ń wò mí láti ojú fèrèsé, Mọrẹ́nikẹ́ sì ń pè mí lóhùn jẹ́jẹ́ pé, "Màmá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Màmá, kí lẹ ń wá?"

A wọlé, bàbá náà po tíì fún wa, ó gbé bísíkíìtì kalẹ̀. Mo ní, "Mọrẹ́nikẹ́, bá mi bi bàbá yìí pé, lọ́jọ́ tí omi bá dé, báwo ni wọ́n ṣe máa ń tú ilé yìí?"

Ó ní, "Màmá, wọn kì í tú ilé níbí. N kò ní bi wọ́n nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀."

Mo ní kò burú. Mo fi gẹ̀ẹ́sì tí mo fi ń ta ẹja fún àwọn òyìnbó elépo bi í fúnra mi. Mo tún fi ọwọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀: omi dé, ẹ yọ ìṣó, ẹ gbé ilé, ẹ lọ. Bàbá náà gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Kò wò mí, Mọrẹ́nikẹ́ ló yíjú sí. Ó ní, "Ṣé o ò tíì sọ fún màmá rẹ ni?"

Gẹ̀ẹ́sì yẹn yé mi yékéyéké. Mọrẹ́nikẹ́ wolẹ̀. Bàbá Dẹ́nísì dìde, ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú lẹ́tà kan jáde, ó sì ka ibi tó ṣe kókó sí mi létí díẹ̀díẹ̀ kó lè yé mi. Àwọn aláṣẹ àgbègbè náà ló kọ ọ́. Wọn kò ní tún òkìtì ẹ̀yìn ilé ṣe mọ́. Lẹ́yìn ọdún tí wọ́n kọ síbẹ̀, wọn á dá ihò sí i fúnra wọn, wọn á jẹ́ kí òkun wọlé kó gba ilẹ̀ rẹ̀ padà. Wọ́n ní àwọn ènìyàn tó ń gbé lẹ́yìn òkìtì náà kéré, wọn kò tó ohun tí à ń ná irú owó bẹ́ẹ̀ lé lórí.

Ní ilé, ọ̀fọ̀ la máa ń ṣe bí òkun bá wọlé, a ń ké sí ìjọba pé ẹ wá mọ ògiri fún wa. Àwọn yìí ní ògiri, àwọn fúnra wọn ni yóò wó o. Wọ́n ti ka àwọn ènìyàn náà, wọ́n rí i pé wọn kò pọ̀ tó, wọ́n sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí wọn bíi pé ṣe ni wọ́n ń pè wọ́n sí ìpàdé.

Bàbá náà bi mí bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa. Mo kó bísíkíìtì mẹ́rin, mo fi ṣe ògiri, mo fi ìkarùn-ún ṣe òrùlé, mo tú wọn, mo tún wọn kọ́ lódì kejì tábìlì. Ó ń wò mí bí ọmọ ilé ìwé. Ó ní, "Ènìyàn mélòó ló ń gbà?" Mo ní ogún, nígbà míì ọgbọ̀n. Ó ní òun ti gbé abúlé yẹn fún gbogbo ayé òun, òun kò sì mọ ọgbọ̀n ènìyàn tí òun lè pè níbẹ̀ mọ́.

Èmi àti Mọrẹ́nikẹ́ jáde, a gun òkìtì náà. Nígbà tí mo dé orí rẹ̀, n kò rí òkun. Ẹrẹ̀ ni, ẹrẹ̀ eléérú, ó lọ títí ojú mi kò fi rí òpin rẹ̀. Mo gbá Mọrẹ́nikẹ́ lọ́wọ́ mú, mo ní kó jẹ́ ká sá, pé òkun ti lọ kó agbára bọ̀. Ó ní kí n fara balẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ló ń lọ jìnnà bẹ́ẹ̀ tó sì ń padà wá. Lọ́dọ̀ wa, omi a máa fà díẹ̀, ṣùgbọ́n òkun kì í fi ilé sílẹ̀. N kò rí irú rẹ̀ rí.

Mo ní, "O mọ̀ nípa lẹ́tà yẹn."

Ó ní, "Mo mọ̀, Màmá. Ìdí nìyẹn tí ilé náà kò fi wọ́n. Èyí tó wà nínú ìlú, agbára mi kò ká a."

Mo ní, "O mọ̀ pé omi á gbé e, o sì fẹ́ kó owó gbogbo ọdún tí o fi ń gbé arúgbó olórúkọ-n-ò-mọ̀ lé orí bẹ́ẹ̀dì sínú rẹ̀?"

Ó ní, "Ọdún tí wọ́n kọ síbẹ̀ ṣì jìnnà. Mo ti ṣírò rẹ̀. Ilé náà á pẹ́ jù yín lọ."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹni tí mo bí ti jókòó níbì kan pẹ̀lú bírò, ó kọ ọjọ́ orí mi sílẹ̀, ó kọ ọdún òkun sílẹ̀, ó yọ ọ̀kan nínú ìkejì. Ó dùn mí dé egungun. Mo fẹ́ bú u.

Òun ló ṣáájú mi sọ̀rọ̀, ó ń sunkún. Ó ní, "Màmá, ẹ ò mọ bó ṣe ń rí. Bí wọ́n bá ti ní ìjì jà nílé, màá máa pè yín. Lọ́dún tó kọjá mo pè yín fún ọjọ́ méjì, ẹ ò gbé fóònù. Mo ti ń wá aṣọ dúdú. Ó ti sú mi. Mo kàn fẹ́ kí ẹ wà níbi tí mo ti lè ṣí ilẹ̀kùn kí n sì rí yín."

Ìbínú mi wọlẹ̀. Mo jókòó sórí koríko, mo fà á jókòó tì mí. Mo sọ fún un pé kó má ra ilé náà. Mo ní, "Èmi á kú níbẹ̀ bí o ṣe ṣírò rẹ̀, o ò sì ṣìṣe. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí omi bá wá dé, ìwọ nìkan lá kù nínú rẹ̀. Kò ṣeé tú. Kò sí ọgbọ̀n ènìyàn. Ta ni wàá pè?"

Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Tiyín ńkọ́? Ìṣísẹ̀ mélòó ló kù láàrin ilé yín àti omi?"

Mo ń já koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó tún bi mí. Mo ní mọ́kàndínlógún. Mo mọ̀ ọ́n torí mo máa ń rìn ín.

Ó ní, "Ẹ wá gbọ́. Bí ẹ bá kúrò níbẹ̀, tí ẹ kó lọ sí Igbókọ̀dá, n kò ní tọwọ́ bọ̀wé. Màá fi owó náà ra ilẹ̀ fún yín níbẹ̀. Bí ẹ ò bá kúrò, lọ́jọ́ Ẹtì màá rà á, ẹ fẹ́, ẹ kọ̀."

Ọmọ mi ni, ẹnu mi ló fi mú mi. Igbókọ̀dá jìnnà sí òkun. Ènìyàn kì í gbọ́ ìró rẹ̀ níbẹ̀, àfi ọjọ́ mélòó kan yìí, n kò sì sùn síbi tí n kò ti gbọ́ ọ rí láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ. Òun náà mọ ibi tí bàbá rẹ̀ wà, ó mọ ìdí tí mo fi ń kọ́ ilé mi síbẹ̀ padà. Kò dárúkọ rẹ̀, èmi náà kò dárúkọ rẹ̀. Bí a ṣe jókòó síbẹ̀ ni omi padà dé, ó ń gba inú àwọn ojú ọ̀nà tín-ín-rín wọlé nínú ẹrẹ̀, kò pariwo rárá. Nígbà tí mo fi máa wolẹ̀, ó ti dé ẹsẹ̀ òkìtì. Mo ní ó dáa, màá kó lọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì, dípò ọ́fíìsì lọ́yà tí Mọrẹ́nikẹ́ ì bá ti tọwọ́ bọ̀wé, ọ̀dọ̀ Bàbá Dẹ́nísì ni a lọ. Mo gbé ẹja gbígbẹ mẹ́fà àti ọṣẹ dúdú kan fún un, Mọrẹ́nikẹ́ sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Kò bínú. Ó ní àwọn tó ti wá wo ilé náà ṣáájú, wọ́n bi òun nípa òrùlé, wọ́n bi òun nípa iye yàrá, kò sí ẹni tó bi òun ní ohun tí mo bi òun. Ó bu ọ̀dùnkún kún àpò fún mi láti inú ọgbà rẹ̀. N kò lè gbé e wọ bàálù, ṣùgbọ́n mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí títí a fi ya kọ́nà.

Ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni mo lò, lẹ́yìn náà mo padà: Lọ́ńdọ̀nù, Èkó, Ọ̀rẹ̀, Igbókọ̀dá. Nígbà tí ọkọ̀ mi yọ sí èbúté Oríòkè, àwọn ènìyàn ti ń pe orúkọ mi láti orí afárá pákó. Wọ́n ń béèrè ohun tí mo rà bọ̀, wọ́n ń sọ pé mo ti pupa, wọ́n ń ròyìn ẹni tó bímọ àti ẹni tó ṣàìsàn, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dúró sínú ọkọ̀, mo kàn ń wò wọ́n. Láàrin ìṣẹ́jú kan, mo ti rí ènìyàn ju èyí tí mo rí ní gbogbo abúlé yẹn lọ.

Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi, mo sọ ọ́ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ń sọ ọ́ fún yín. Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti dé Ìlú Ọba ti bọ́ lọ́wọ́ omi. Òkun wà níbẹ̀, ó ń bọ̀ bó ṣe ń bọ̀ nílé. Wọ́n ní bíríkì, wọ́n ní ẹ̀rọ, iná wọn kì í lọ. Ohun tí wọn ò ní ni àwọn tí wọ́n lè ké sí. Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀ tán, mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ tú ilé mi, wọ́n sì ní kí n dá ọjọ́.

Mọ́kànlélógójì ni wọ́n wá láàárọ̀ Sátidé. Àwọn ọkùnrin ká páànù, àwa obìnrin ń gba ìṣó sínú agolo, a ń nà án tọ́ lórí òkúta. Nígbà tí wọ́n fa òpó tó gbẹ̀yìn tu, wọ́n ń gbé e lọ sẹ́yìn bí a ṣe máa ń ṣe, mo ní kí wọ́n má gbé e síbẹ̀. Mo ní inú ọkọ̀ ni. Wọ́n wò mí. N kò tíì sọ fún wọn títí di ìgbà yẹn pé Igbókọ̀dá ni mò ń lọ. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ gbé òpó náà sínú ọkọ̀, àwọn tó kù sì tẹ̀lé e. Ọkọ̀ mẹ́ta ló kó ilé mi.

Ó ti pé oṣù mẹ́ta báyìí. Ilé náà dúró dáadáa lórí ilẹ̀ tí Mọrẹ́nikẹ́ rà ní Igbókọ̀dá, a kàn gbé e sórí bíríkì díẹ̀ ni, torí kò sí omi tí à ń sá fún. Mọ́tò ń kọjá níwájú ilé, ọkùnrin kan ń fi ẹ̀rọ lọ ata lẹ́yìnkùlé láti àárọ̀, ṣùgbọ́n ìró òkun kò dé ibẹ̀. Mọrẹ́nikẹ́ ń pè mí lálaalẹ́, ohùn rẹ̀ ti fúyẹ́, ó ní òun ti ń sùn. Lánàá ó ní, "Màmá, ṣé ẹ̀yin náà ti ń sùn dáadáa níbẹ̀?"

Mo ní mò ń sùn dáadáa. Ó dúpẹ́, ó sì gbà á gbọ́.